Ìfẹ́ Sàró àti Arọ́lákẹ́ nínú Eré Aníkúlápó: Ǹjẹ́ Ó Ṣeé Gbà Gbọ́?

1. Ìfáárà

Ní ọdún 2022 ni eré Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan darí, jáde lórí Netflix. Ní ọdún 2024 ni eré alápá púpọ̀ tí ó tẹ̀ lé e jáde. Eré àkọ́kọ́ nìkan ni a ó yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí, nítorí inú rẹ̀ ni ìfẹ́ tí gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́ ti bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni ó sì ti bàjẹ́. Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ ìfẹ́ tí ó wà láàrin Sàró, ahunṣọ òfì, àti Arọ́lákẹ́, olorì Aláàfin, ṣeé gbà gbọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí ìfẹ́ náà kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́kàn òǹwòran, ohun tí Arọ́lákẹ́ ṣe sí àdó àjíǹde ní ìparí eré yóò dà bí owú lásán. Kò ní rí bí ìdájọ́.

2. Bí ìfẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀

Àtakò kìn-ín-ní tí a lè mú wá ni pé ìfẹ́ náà yá jù. Ojú kan ojú, kò sì pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń pàdé ní kọ̀rọ̀. Kò sí alárinà, kò sí ìwádìí, kò sí ìjọ́hẹn. Àtakò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú tiwa. Ìgbéyàwó ni alárinà wà fún. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ olorì ọba kì í rán alárinà. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ wò ni ipò tí a ti bá ẹ̀dá-ìtàn náà. Wọ́n fa Arọ́lákẹ́ fún ọba láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọba fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, àwọn ìyálé rẹ̀ sì ń jowú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń sọ pé a rí ọlá fi kẹ́ ẹ. Ọlá wà láàfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkẹ́ tí ọba ń kẹ́ ẹ gan-an ni ó sọ ọ́ di ẹni ìkórìíra. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá rí ọ̀dọ́kùnrin àlejò tí kò sí nínú ọ̀tẹ̀ ààfin, kò yani lẹ́nu pé ọkàn rẹ̀ yára fà sí i.

Ẹ̀rí tí ó tún lágbára jù ni ti ìṣe. Nígbà tí àṣírí tú tí wọ́n sì pa Sàró, Arọ́lákẹ́ kò fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó. Lójú rẹ̀ ni ẹyẹ àkàlà ti jí i dìde. Òun ni ó lé ẹyẹ náà tí àdó fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Bímbọ́ Adémóyè ṣe ipa yìí láìpariwo, a sì gbà á gbọ́.

3. Ìyípadà Sàró

Àtakò kejì ni ó wúwo. Bí òkìkí Sàró ti ń kàn ní Òjúmọ́, ó ń fẹ́ aya lé Arọ́lákẹ́, ó sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ ikú. Ẹnìkan lè sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀ rí nìyẹn. A kò fara mọ́ èyí. Kí á rántí Awarun, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́ ní Ọ̀yọ́. Ohun tí oníkálukú ń fún ẹnìkejì níbẹ̀ hàn kedere: ọ̀kan ní owó, èkejì ní ọ̀dọ́. Sàró mọ bí a ti í san irú gbèsè yẹn. Gbèsè Arọ́lákẹ́ ni kò mọ bí yóò ṣe san. Aníkúlápó ni ayé ń pè é, bẹ́ẹ̀ obìnrin ni ó fi ikú sí i lápò. Nígbàkúùgbà tí ó bá wo ojú aya rẹ̀, ẹlẹ́rìí ni ó ń wò. Yorùbá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n Sàró kì í ṣe aláìmọ oore. Ó mọ̀ ọ́n débi pé kò lè fara dà á.

Ibí yìí ni a ti rí àléébù iṣẹ́ olùdarí. Ọdún ń yí nínú eré, a kò rí bí ọkàn ti ń yí. Àìrọ́mọbí Arọ́lákẹ́ ni ibi tí ó yẹ kí a ti dán ìfẹ́ náà wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ ti í fi hàn bóyá aya ni òun fẹ́ tàbí ọmọ. Eré náà fẹnu bà á, ó sì kọjá. Ìsọ̀rọ̀gbèsì kan ṣoṣo láàrin tọkọtaya lóru ìbá ti tó láti fi hàn wá bí ọpẹ́ ti ń di ìtìjú, tí ìtìjú sì ń di ìgbéraga. Nítorí pé a kò rí i, Sàró tí a bá ní Òjúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹlòmíràn.

4. Ìgúnlẹ̀

Nígbà tí ọmọ ọba Òjúmọ́ kú, Sàró ní ọmọbìnrin ọba ni kí wọ́n fi san án lóore. Arọ́lákẹ́ ba agbára àdó náà jẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò gbé ọwọ́ sókè sí ọkọ rẹ̀. Ohun tí ó fún un ni ó gbà padà. Èrò tiwa ni pé ìfẹ́ náà ṣeé gbà gbọ́ pátápátá ní ọ̀dọ̀ Arọ́lákẹ́, nítorí náà ni ìparí eré fi ní ìwúwo ìdájọ́. Ní ọ̀dọ̀ Sàró, ohun èlò wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n a kò lò ó tán. Ẹsẹ̀ kan ni ìfẹ́ náà fi dúró. Ẹsẹ̀ náà lágbára, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni.