Ìwà Lẹwà Ọkọ̀ Eré-Ìje: Lámèyítọ́ Àwòrán Ọkọ̀ Tó Wà Lórí Eré

Ìfáàrà

Nínú eré-ìje tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní drag racing, ọkọ̀ méjì máa ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ọ̀nà títọ́ gbọọrọ. Bí iná àṣẹ bá ti tàn, wọ́n á ki eré mọ́lẹ̀ títí dé òpin ọ̀nà náà. Ẹgbẹ́ National Hot Rod Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1951, ni gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń darí rẹ̀. Ọkọ̀ Top Fuel, tí ó yá jù lọ nínú wọn, lè sá ju 530 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Iṣẹ́ ayàwòrán ni láti gbé ohun tí ó yára tó báyìí wá sórí bébà tí kì í mira. Iṣẹ́ náà gbé ìbéèrè kan dìde: báwo ni àwòrán ṣe gbọ́dọ̀ jọ ohun tí wọ́n yà tó, kí ó tó lè jẹ́ òtítọ́?

Jíjora àti Ìwà

Nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí lámèyítọ́ ọnà Yorùbá tí ó jáde ní 1973, Robert Farris Thompson ṣàlàyé jíjora gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: ère kò gbọdọ̀ jọ ẹni kan pàtó jù, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí àwọ̀ ènìyàn jù. Ó tún mẹ́nu ba ìfarahàn, èyí tí ó ń béèrè pé kí àwọn ẹ̀yà ara ère hàn gedegbe. Rowland Abiodun ní tirẹ̀ fi hàn pé ìwà tó wà nínú “ìwà lẹwà” gbòòrò ju ìwà ọmọlúàbí lọ; ó kan bí ohun kan ṣe wà gẹ́gẹ́ bí irú ohun tí ó jẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, eré sísá ni ìwà ọkọ̀ eré-ìje. Àwòrán tí gbogbo ara ọkọ̀ hàn nínú rẹ̀, tí eré kò sì sí níbẹ̀, ti pàdánù ìwà. Ó sì ti pàdánù ẹwà pẹ̀lú.

Kedere Tó Ń Ṣini Lọ́nà

Bí kámẹ́rà bá gba ìmọ́lẹ̀ wọlé fún ìdá 1 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ọkọ̀ tí ń sá 530 kìlómítà ní wákàtí kan kò ní rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ kí ojú rẹ̀ tó pa dé. Bí ayàwòrán bá tún yí kámẹ́rà tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ á hàn, títí kan orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Ọkọ̀ náà á wá dà bí èyí tí wọ́n páàkì síwájú ilé. Kò sí irọ́ nínú ìlà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn ń purọ́.

Ayàwòrán tó mọṣẹ́ lè jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí pẹ́ díẹ̀, fún ìdá 1 nínú 125, kí ó sì máa yí láti ìbàdí bí ọkọ̀ ti ń kọjá. Láàárín àkókò yẹn, ọkọ̀ náà á ti rìn ju mítà 1 lọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró, akoto awakọ̀ àti nọ́ńbà ara ọkọ̀ á ṣì hàn, táyà á máa rí bí ohun tó ń yí bírí, ògiri àti òǹwòran á sì di ìlà gbọọrọ. Ìfarahàn wà níbi tí ó yẹ, bàìbàì náà wà níbi tí ó yẹ. Ọ̀pọ̀ àwòrán ni yóò bàjẹ́ kí irú rẹ̀ kan tó jáde.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo kedere ló burú. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, agbára ẹ́ńjìnnì máa ń yí wíìlì kí ara táyà tó gbà. Táyà ẹ̀yìn á hunjọ bí aṣọ tí wọ́n rún mọ́wọ́. Kámẹ́rà tó yára ló lè fi èyí hàn dáadáa, ìhunjọ yẹn sì ni ẹ̀rí agbára. Bàìbàì náà lè purọ́: bí ojú kámẹ́rà bá ṣí pẹ́, ọkọ̀ tí ń rọra padà sí ibùdó lè dà bí èyí tí ń fò. Jíjora ń bá ìhà méjèèjì wí.

Àpẹẹrẹ Lartigue

Ẹ̀kọ́ yìí ti wà ṣáájú drag racing. Jacques Henri Lartigue, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1894, ya ọkọ̀ kan níbi ìdíje Grand Prix ilẹ̀ rẹ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ kì í gba gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò tóóró kan ló ń kọjá níwájú gíláàsì, tí apá kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣáájú èkejì. Ó yí kámẹ́rà tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò yára tó o. Nítorí náà, wíìlì rí bí ẹyin tó tẹ̀ síwájú, àwọn òǹwòran àti òpó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì tẹ̀ sẹ́yìn. Iwájú ọkọ̀ kò tilẹ̀ sí nínú àwòrán. Ẹni tó bá ń wá ìṣedéédéé á pè é ní àṣìṣe; ẹni tó bá ń wá ìwà ọkọ̀ eré á rí i níbẹ̀ ní kíkún.

Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà lásán lọ. Ní oṣù Òkúdù 2008, awakọ̀ Scott Kalitta kú lẹ́nu ìdíje ní Englishtown, New Jersey. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dín ọ̀nà àwọn ọkọ̀ tó yá jù lọ kù láti mítà 402 sí 305, kí wọ́n lè ní ààyè púpọ̀ sí i láti dúró. Àwòrán tí ọkọ̀ ti dúró gbagidi kò lè sọ ìdí tí wọ́n fi gé mítà 97 náà.

Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ń gbẹ́ àkó kí ó jọ olóògbé gan-an fún ìsìnkú kejì. Ìjọra pátápátá ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò mira mọ́ ni ó ń bu ọlá fún. Awakọ̀ tó wà lórí eré ṣì ń mí, ewu sì wà níwájú rẹ̀; àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi eré náà sílẹ̀ fún un.