Ìlù Ló Di Gìtá Mú: Santana ní Woodstock

Bí a bá dárúkọ Woodstock létí àwọn olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ rántí ni ojú Carlos Santana: bí ó ti dijú, tí ó lanu, tí ó sì ń fa ohùn gìtá gùn bí ẹni tí ń sunkún. Èmi náà fẹ́ràn àwòrán yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo rí i pé ojú ti ń tan etí wa jẹ. Ìlù ni ẹ̀mí eré náà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù August, ọdún 1969, ni wọ́n ṣe é, lórí oko kan ní Bethel ní ìpínlẹ̀ New York, lójú èrò tí wọ́n fojú bù sí 400,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Santana kò tíì lókìkí nígbà náà. Inú oṣù yẹn gan-an ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Ọmọ ọdún 22 ni Carlos, Michael Shrieve tí ń lu ìlù òyìnbó sì jẹ́ ọmọ 20.

Ibi tí ó kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn ni Jingo. Àkúbà ló tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbẹ̀. Gìtá wá jókòó lé e. Orin yìí kì í ṣe ti àjèjì sí wa. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tí ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1950, ló ni ín. Ó wà nínú àwo rẹ̀, Drums of Passion, ti ọdún 1960. Ó dùn mí pé fíìmù Woodstock tí ó jáde ní 1970 kò fi Jingo hàn. Ní 2009 ni wọ́n gbé gbogbo eré Santana ọjọ́ náà jáde lódidi, kí a tó lè fi etí ara wa ṣèdájọ́.

Ibi kejì ni Soul Sacrifice, èyí tí fíìmù náà sọ di olókìkí. Kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú. Láàárín rẹ̀, àwọn yòókù dákẹ́ fún Shrieve. Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Òun rọ ìlù sílẹ̀ títí ó fi dà bí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ó tó tún gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí gìtá padà wọlé, ẹni tí ó jókòó yóò dìde.

Eré náà kò ṣàìlábùkù. Nínú Evil Ways, orin ẹnu kò dé ibi tí ìlù dé.

Carlos fúnra rẹ̀ ti sọ pé oògùn olóró wà lójú òun lọ́jọ́ náà, pé ọwọ́ gìtá ń lọ́ bí ejò lójú òun, àti pé òun bẹ Ọlọ́run kí òun má baà ṣìnà nínú orin. Àwọn kan ń fi èyí yin oògùn. Irọ́ ńlá ni. Oògùn kò ta gìtá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba á jẹ́. Ìdánrawò ọjọ́ pípẹ́ àti àwọn onílùú tí kò yẹsẹ̀ ló gbà á là. Ìyáàlù lè fọhùn bí ó ti wù ú, bí omele bá dúró ṣinṣin, kò níí ṣìnà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń wo àwòrán ojú yẹn, ẹ dijú, kí ẹ tún un gbọ́. Bí ẹ bá sì ń ka orúkọ àwọn tí ó ṣe é, ẹ má yọ ti Olatunji sílẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.