Ṣáájú Fìlà Oyè àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Nígbà tí Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ẹ̀kọ́ nípa òwò wà lára ohun mẹ́ta tí wọ́n fi ṣí i. Ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ìṣègùn ni méjì yòókù. Láti ìgbà náà ni àwọn tó kọ́ ìṣirò owó, iṣẹ́ báńkì, iṣẹ́ adójútòfò àti ìṣàkóso òwò ti ń jáde níbẹ̀. Ọjọ́ ìgboyè ni aráyé máa ń rí: fìlà onígun mẹ́rin, aṣọ ẹbí, bàbá tó ń na owó fún onífọ́tò. Ọjọ́ náà dára, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e ló wù mí jù. Àsìkò yẹn ni ọmọ tí wọ́n ń bọ́ ń di ẹni tí a lè fi owó olówó sí lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, tí gbogbo wọn ń pè ní prójẹ́ẹ̀tì, ló ń lé oorun lójú wọn. Bí ẹ bá ya ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé tó sì ń dì í ní àyíká iléèwé, ẹ ó rí wọn, ìwé tí alábòójútó ti fi bírò pupa fà káàkiri wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń bẹ ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà pé kó jọ̀ọ́, kó bá àwọn tún ojú ìwé kan ṣoṣo tẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ń kọ nípa àwọn báńkì ńlá, torí pé àwọn báńkì ń tẹ ìṣirò owó wọn jáde lọ́dọọdún. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ọjà lọ ni mo kan sáárá sí.

Ẹ wo ọmọbìnrin tó fẹ́ mọ bí àwọn oníṣòwò Oyíńgbò ṣe ń kówó jọ. Á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá edé, ìwé ìbéèrè lábẹ́ apá: "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ajé á wọgbá o." Màmá á ṣe àmín, á kọ́kọ́ dá oníbàárà lóhùn. Ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, á fa káàdì àjọ yọ lábẹ́ àpótí. Káàdì pélébé ni, wọ́n fa ìlà sí i kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù lè ní àyè tirẹ̀, alájọ sì ti buwọ́ sí èyí tó ti gbà. Ẹni tó bá ń dá 1,000 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò kó 29,000 náírà; owó ọjọ́ kan tó kù, ti alájọ ni. Nínú ìwé tí ọmọ yìí ti ń kà láti ọdún kìíní, ẹni tó fi owó pamọ́ ni wọ́n ń san èlé fún. Níbí, òun ló ń sanwó. Bó bá béèrè ìdí, Màmá á ní, "Bó bá wà lọ́wọ́ mi, màá ná an. Alájọ ń wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ṣé báńkì á wá?" Ìdáhùn yẹn á wọ orí kẹrin prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ohun tó kù, ètò ni.

Ètò náà pọ̀ díẹ̀. Wọ́n á gbèjà iṣẹ́ wọn níwájú àwọn olùkọ́. Wọ́n á fi páálí líle dì í, wọ́n á fi lẹ́tà aláwọ̀ góòlù kọ orúkọ sí i lára. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n wọ lọ síbi ìdánwò ìkẹyìn á kún fún ìbuwọ́lù àwọn ọ̀rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn láti fi hàn pé àwọn kò jẹ gbèsè ìwé tàbí owó.

Ẹ fi wọ́n wé ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀, tó ní ọjọ́ fíríìdọ̀mù tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ á pe ẹgbẹ́ jọ, wọ́n á ṣàdúrà, àwọn òbí á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kalẹ̀ fún un, ó sì lè ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó jáde ní iléèwé òwò kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìwé owó ẹlòmíràn ni irinṣẹ́ rẹ̀, àfi kí ẹnìkan kọ́kọ́ fọkàn tán an kó tó lè fọwọ́ kàn án.

Ìdí nìyẹn tí ọdún àgùnbánirọ̀ fi ṣe pàtàkì fún wọn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní oṣù karùn-ún ọdún 1973, ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá ètò náà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní ibùdó, ó lè jẹ́ Ìyànà Ìpájà, Ṣàgámù, Ìṣẹ́yìn tàbí ọ̀nà jíjìn ní òkè ọya, kí wọ́n tó pín wọn sẹ́nu iṣẹ́. Láti 2025 ni owó oṣù wọn ti kúrò ní 33,000 náírà, tó di 77,000. Ẹni tó ń retí báńkì lè bá ara rẹ̀ níwájú kíláàsì ní abúlé, kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Kò ṣòfò rárá. Ẹni tó bá lè mú kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lóye ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó tó wọlé àti èrè, ó ti mọ̀ ọ́n délẹ̀.

Àwọn míì ń fi alẹ́ ọdún yẹn múra ìdánwò ICAN, àjọ àwọn aṣírò-owó tí òfin 1965 gbé kalẹ̀. Olóògbé Akintola Williams ni ààrẹ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní 1949 ló di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà. Ìgbà tó ti ìlú òyìnbó dé, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka owó orí, kó tó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1952. Àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ló gba iṣẹ́ náà kan nígbà yẹn, nítorí náà àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìwé owó wọn fún un. Ìwé ìròyìn West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe wà nínú wọn. Williams pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún kó tó papò dà ní 2023, iléeṣẹ́ tó dá sílẹ̀ sì ti bí ọ̀pọ̀ aṣírò-owó.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, oko adìyẹ tàbí ilé ìtajà oògùn: ọmọ kan wà ládùúgbò yín tó ti parí, tó ń retí ìwé ìpè àgùnbánirọ̀. Ẹ pè é. Ẹ gbé ìwé tí ẹ ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí fún un, kó tò ó fún yín bó ṣe yẹ. Kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀.