Aṣọ Ọrẹ Tí Í Ta Ni Lára: Àyẹ̀wò Ìwé Daddy-Long-Legs

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ìwé Mùsùlùmí, kì í sì í ṣe ìwé Yorùbá. Jean Webster, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́ ní ọdún 1912. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọmọ òrukàn ni Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọ̀là Ọlọ́hun máa bá a) fúnra rẹ̀: bàbá rẹ̀ kú kí a tó bí i, ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 6.

Jerusha Abbott ni olú ẹ̀dá ìtàn náà. Ilé ọmọ òrukàn ni ó dàgbà sí. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn ọlọ́lá tí ń náwó sí ilé náà a máa wá ṣe ìbẹ̀wò. Lọ́jọ́ náà, a ó fọ ọmọ 97 mọ́ tónítóní, a ó ya irun wọn, a ó sì kọ́ wọn bí wọn yóò ti máa dá àlejò lóhùn. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, ara òkúta sàréè ni ìyá àgbà tí ń ṣàkóso ilé náà ti rí "Jerusha". Inú ìwé tẹlifóònù ni ó ti mú "Abbott". Àwọn baba wa ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni a wò fún ọmọ yìí? Aṣọ ọrẹ ni ó ń wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, a sì mú un jókòó ti ọmọ tí ó kọ́kọ́ ni aṣọ náà, tí ń fi í han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ibí yìí ni ọgbọ́n òǹkọ̀wé náà ti hàn jù. Ìtìjú ni ó fi ṣe gbòǹgbò ìtàn rẹ̀, kì í ṣe ebi. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá náà rán Jerusha lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó fi ibi tí ó ti wá pamọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oṣooṣù ni ó ní láti kọ lẹ́tà sí olóore tí kò mọ ojú rẹ̀, tí kì í sì í fèsì. Lẹ́tà wọ̀nyí ni ó kún inú ìwé náà. Ẹni tí ń kà á yóò mọ bí ó ti rí kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kan náà ni ọmọ yìí ti rí ohùn ara rẹ̀, tí ó fi yan orúkọ tí ó wù ú, Judy, tí ó sì di òǹkọ̀wé.

Ìparí ìwé náà ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Olóore náà, Jervis Pendleton, ti ń bẹ̀ ẹ́ wò láì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun ni. Ó ka gbogbo àṣírí rẹ̀. Ó tún fi àṣẹ olówó dí i lọ́wọ́ láti lo ìsinmi lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ ẹ. Ìfẹ́ ni Webster pè é. Àwa kò lè pè é bẹ́ẹ̀ tán, nítorí pé ẹnì kan mọ ohun gbogbo, ẹnì kejì kò mọ nǹkan kan. Sùúrà An-Nisáì, áyà 127, ti kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọmọ òrukàn ṣe aya láì fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Kí á bi ara wa léèrè: nígbà tí a bá gbé ìrẹsì àti ọṣẹ lọ sí ilé ọmọ òrukàn nínú Ramadan, tí a to àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n ti ń hù síwájú kámẹ́rà, ṣé kì í ṣe Ọjọ́rú Jerusha ni a ń ṣe? Sùúrà Al-Baqarah, áyà 264, kọ̀ fún wa láti fi ìrègún àti ìpalára ba sàráà wa jẹ́. Ẹ bi ọmọ náà ní orúkọ tí ó fẹ́ kí a máa pe òun. Ẹ gbọ́ èrò rẹ̀. Ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá ìwé náà kà. Kí Ọlọ́hun má fi wá ṣe olóore tí ń dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Àmín.