Ẹlẹ́sin Ọba: Láti Orí Ìtàgé Bọ́ Sínú Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán

Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láti mú eré tí a kọ fún orí ìtàgé, kí a sì sọ ọ́ di èyí tí ènìyàn lè jókòó wò nínú ilé rẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun yóò gbé lọ àti ohun tí òun yóò fi sílẹ̀. Ojú yìí ni a fẹ́ fi wo sinimá Ẹlẹ́sin Ọba, tí olóògbé Bíyí Bándélé darí, tí Netflix sì gbé jáde ní ọdún 2022.

Ọ̀yọ́ ni orísun ọ̀ràn náà. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìn-ín-ní wàjà ní ìparí ọdún 1944. Àṣà ìgbà náà ni pé kí Olókùn-Ẹṣin bá ọba lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí a mú un, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ fi í ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964. Ní 1975, Wọlé Ṣóyínká gbé tirẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ti Ṣóyínká yìí ni Bándélé mú.

Ohun kan wà tí a kò lè ṣàì yìn: ó dá ọ̀rọ̀ náà padà sí èdè Yorùbá. Nínú ìwé, Olóhùn-Iyọ̀ dàbí ará ilé tí ó wọ aṣọ àlejò; nínú sinimá, ó ti délé, ó sì ti bọ́ aṣọ náà sílẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wò ó, pẹ̀lú ìyá àgbà kan tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Shaffy Bello, Ìyálọ́jà, ń bá Ọdúnladé Adékọ́lá, Ẹlẹ́sin, wí, kò sí ẹni tí ó ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Orí ni wọ́n ń mì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ijó ìkẹyìn kọjá, wọ́n yí ojú sí mi: “Ọmọ mi, ìlù náà kò tíì wọ̀ ọ́ lára tí ó fi tán.”

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo rí pé ó tọ́. Lórí ìtàgé, ojú kan ni gbogbo wa wà pẹ̀lú Ẹlẹ́sin. Ìlù ń dún díẹ̀díẹ̀, a sì ń rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo, nítorí adùn ayé àti ìyàwó titun, kí òyìnbó tó dé rárá. Ṣóyínká tìkálárarẹ̀ kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé kí a má ṣe fi ajẹ́lẹ̀ ṣe ìdí ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n sinimá a máa sáré láti ọjà dé ilé ajẹ́lẹ̀, dé ibi àríyá tí òun àti aya rẹ̀ ti wọ ẹ̀kú eégún. Ẹni tí ń wò ó lè rò pé òyìnbó nìkan ni ó bàjẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Ẹlẹ́sin kò jẹ̀bi, ikú Olúndé ọmọ rẹ̀ sì di àánú lásán, kì í ṣe gbèsè tí ọmọ san fún baba.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ óò tún mú eré àtijọ́ wa wá sí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìlù. Ẹ má bẹ̀rù pé yóò sú wa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.