Ta Ló Kàn? Ìwà àti Àkókò nínú Eré Àfọ̀rọ̀ṣe

Nínú gbogbo irú eré tí kọ̀ǹpútà mú wáyé, ọ̀kan wà tí àwọn onílámèyítọ́ lítíréṣọ̀ kò kà sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí ó kàn wọ́n jù. Eré náà kò ní àwòrán, kò ní ohùn, kò ní ìlù. Ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ni gbogbo rẹ̀. Ẹni méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́wàá jókòó sí ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Olúkúlùkù gbé ìwà ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀wù wọ̀, wọ́n sì ń kọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn wọn ń ṣe àti ohun tí ó ń sọ ránṣẹ́ sí ara wọn, títí ìtàn kan yóò fi jáde tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè pè ní tòun nìkan. Eré àfọ̀rọ̀ṣe ni a ó máa pè é. Ohun méjì ni a fẹ́ yẹ̀ wò níbẹ̀: ìwà tí àwọn òṣèré ń retí lọ́wọ́ ara wọn, àti bí eré náà ṣe ń yára tàbí tí ó ń falẹ̀. Èrò tiwa ni pé ohun kan náà ni méjèèjì, àti pé bí a bá yọ wọ́n kúrò, kò sí lítíréṣọ̀ kankan tí ó kù.

Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1978 ni Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tí a mọ̀ sí MUD. Richard Bartle, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1980. Nínú MUD, ìyára ni ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá ń lọ sí àríwá kì í kọ ọ̀rọ̀ náà tán. Lẹ́tà n nìkan ti tó. Bí ọ̀tá bá yọ, ẹni tí ìka rẹ̀ bá yá ni yóò yè é. Ọdún 1989 ni ọ̀nà mìíràn là, nígbà tí James Aspnes ti Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà gbé TinyMUD jáde, nínú èyí tí kò sí ìṣúra tí a ń wá kiri tàbí ipò tí a ń dù. Ohun tí ó kù fún àwọn èèyàn láti ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀. Nínú ìran TinyMUD ni àwọn ayé tí à ń pè ní MUSH àti MOO ti jáde, èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn sì ni LambdaMOO tí Pavel Curtis dá sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Xerox ní California ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìka tó yá kò wúlò púpọ̀ mọ́ níbẹ̀. Kí wá ni yóò wúlò?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ṣe ń kọ ọ́. Bí òṣèré tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ń jẹ́ Àjàní bá tẹ àmì kan, tí ó sì kọ "jókòó sẹ́bàá iná", ohun tí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà yóò rí ni "Àjàní jókòó sẹ́bàá iná". Ẹ̀rọ ló fi orúkọ síwájú gbólóhùn. Òṣèré kò sọ pé "mo jókòó". Ó ń kọ nípa ara rẹ̀ bí ẹni ń kọ nípa ẹlòmíràn. Nítorí náà kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti kọ nípa ẹlòmíràn pẹ̀lú, nínú gbólóhùn kan náà, bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ibí ni òfin àkọ́kọ́ ti dé, òfin tí kò sí àwùjọ eré àfọ̀rọ̀ṣe tí kò mọ̀ ọ́n: má ṣe bá ẹlòmíràn kọ ìṣe ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀.

Èdè Yorùbá ní ohun èlò tí ó fi òfin yìí hàn kedere. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Àjàní ju òkò sí Bándélé", "Àjàní ju òkò lu Bándélé". Òkò kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló jù ú. Ṣùgbọ́n "sí" ṣí ọ̀nà sílẹ̀, "lù" sì ti ilẹ̀kùn pa. (Yálà ọ̀rọ̀-ìṣe ni "sí" tàbí ọ̀rọ̀-atọ́kùn, àríyànjiyàn àwọn onígírámà ni ìyẹn.) Nínú ti àkọ́kọ́, Bándélé lè bẹ̀rẹ̀, ó lè fi asà gbà á, ó sì lè gbà kí òkò náà ba òun lórí kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn. Nínú ti èkejì, wọ́n ti bá a parí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àwọn tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣeré a máa há ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "gbìyànjú" mọ́ gbogbo gbólóhùn kí wọ́n má baà rú òfin yìí: ó gbìyànjú láti mú un lọ́wọ́, ó gbìyànjú láti tì í. Bí ó bá ti di ìgbà kẹwàá, ó máa ń sú ni í kà.

Òfin náà ní ẹ̀yìn tí àwọn aláìgbọ́n kì í wò. Bí a bá fún Bándélé ní àǹfààní láti yẹ òkò, àǹfààní náà kò túmọ̀ sí pé kí ó máa yẹ gbogbo òkò. Òṣèré kan wà ní gbogbo àwùjọ tí òkò kì í bà láéláé, tí ọfà kì í wọlé sí i lára, tí ìfẹ́ kì í pa. Kò rú òfin kankan, ṣùgbọ́n ó ti ba ìtàn jẹ́. Ẹni tí a fẹ́ràn láti bá ṣeré ni ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òkò ba òun, tí yóò sì gbé ọgbẹ́ náà rìn títí ìtàn yóò fi parí.

Òfin kejì jẹ́ ti àkókò. Bí Àjàní bá kọ tirẹ̀, tí Bándélé kọ, tí Ṣadé kọ, Àjàní ló tún kàn. Níbi tí èrò bá pọ̀, tí títẹ̀lé ara ẹni bẹ́ẹ̀ yóò mú kí eré dúró sójú kan, àwọn kan ń lo òfin ẹni mẹ́ta: ẹni tí ó bá ti kọ yóò jẹ́ kí ẹni mẹ́ta mìíràn kọ kí ó tó tún kọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dìde lọ wo ìkòkò lórí iná yóò sọ fún àwọn tó kù, nínú àmì àkámọ́ méjì-méjì, kí wọ́n lè mọ̀ pé òṣèré ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀dá-ìtàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá fún ìpínrọ̀ kan kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu. Nínú irú èyí tí a ń kọ bíi lẹ́tà, ọjọ́ kan sí ọ̀sẹ̀ kan ni, tí oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo nínú ìtàn fi lè gba oṣù méjì.

Ẹni tí kò bá mọ eré yìí yóò ní ìfàsẹ́yìn lásán ni ìdúró yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adébóyè Babalọlá ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, pé níbi tí àwọn oníjàálá bá pé jọ sí, ẹnì kan ní ń sun ìjálá lẹ́ẹ̀kan; àwọn tó kù a máa gbọ́, ẹni tí ó bá sì rí i pé ó ṣì í sọ lè ta kò ó. Ṣùgbọ́n oníjàálá ń wo ojú ẹnìkejì rẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí ohùn ṣe ń wálẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ orí kọ̀ǹpútà kò ní ojú. Ṣé ó ń ronú ni? Ṣé iná ló lọ? Ṣé inú ló ń bí i? Nítorí pé ara kò sí níbẹ̀ láti sọ fún ni, òfin ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Níbi tí a bá ti ń dúró de ara wa, gígùn ọ̀rọ̀ di ọ̀ràn ìwà. Ẹni tí ó kọ ìpínrọ̀ mẹ́rin nípa aṣọ tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ wọ̀ ti fi ogún ìṣẹ́jú àwọn ẹlòmíràn ra aṣọ náà. Ẹni tí ó kọ "ó rẹ́rìn-ín" tí ó sì dákẹ́ burú jù ú lọ lójú tèmi, nítorí kò fi ohunkóhun sílẹ̀ tí ẹnìkejì lè dì mú. Kì í sì í ṣe pé kí a máa sin títò tẹ̀lé ara ẹni bí òrìṣà. Bí ilé bá ń jó nínú ìtàn, tí ọmọ Ṣadé sì wà nínú rẹ̀, Ṣadé ló kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Àjàní ni títò náà pè. Òṣèré gidi yóò yọ̀ǹda ààyè rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Mo ti ń rò ó pé kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ bí a bá ń fi Yorùbá ṣe eré yìí. Ní LambdaMOO, ẹni tí ó ń wọlé lè yan akọ tàbí abo, tàbí ọ̀kan nínú oríṣi mìíràn tí olúkúlùkù ní arọ́pò-orúkọ tirẹ̀. "Ó" tiwa kò bèèrè èyí rárá. Ohun tí èdè tiwa ń bèèrè ni ọjọ́ orí: ṣé "ó jókòó" ni àbí "wọ́n jókòó"? Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó jáde, a ti ní láti mọ ẹni tó ṣàgbà. Bí a bá sì ti mọ̀ ọ́n, ta ni yóò gbà pé àgbà kò kàn?

Ọ̀ràn tí ó fi hàn pé ìwà eré kì í ṣe eré ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1993. Nínú yàrá ìgbàlejò LambdaMOO, ẹ̀dá-ìtàn kan tí ń jẹ́ Mr. Bungle lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní ọmọlangidi vúdù, èyí tí ó jẹ́ kí ó lè kọ gbólóhùn jáde ní orúkọ ẹlòmíràn. Ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ìkà ni ó kọ mọ́ wọn lórúkọ, lójú gbogbo èèyàn. Julian Dibbell ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Village Voice ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí a ṣe báyìí ń jẹ́ legba. Nígbà tí Dibbell sọ ìròyìn náà di apá kan ìwé rẹ̀ ní 1998, ó pa orúkọ náà dà sí exu. Orúkọ méjèèjì kò ṣàjèjì sí wa. Lẹ́gbà ni àwọn Fọ̀n ń pe Ẹlẹ́gbára, Exu ni àwọn ará Brazil ń kọ Èṣù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín wa jẹ́ gbígbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ kan dé èkejì ni wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí lẹ́nu.

Dibbell ròyìn pé omijé ń dà lójú òṣèré náà bí ó ti ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sójútáyé, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń sọ nínú ẹ̀sùn ni pé òun gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn èèyàn yóò hùwà bí ọmọlúàbí. Dibbell rí i pé ohùn ẹ̀sùn yìí le jù bí a bá fi ayé gidi wọ̀n ọ́n, ó sì rọ̀ jù bí a bá fi ayé eré wọ̀n ọ́n. A gbà pé ohun tí ó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ ló pín in sí méjì: ọ̀rọ̀ kan fún bí a ṣe ń kí ni nídìí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn fún rere àti búburú. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwà ni ọmọdé ń hù tí ó bá kúnlẹ̀ kí àgbà, ìwà ni olè ń hù tí ó bá jalè, a sì ní sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tó bá fi Yorùbá ka ẹ̀sùn náà kò ní rí ohun tó le jù tàbí tó rọ̀ jù níbẹ̀.

Wọ́n pàdé lórí ọ̀ràn náà. Ọ̀kan nínú àwọn alámòójútó pa Mr. Bungle rẹ́, Curtis sì fi ètò ìdìbò lélẹ̀ lẹ́yìn náà. Nǹkan òfin ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ń wò. Lójú onílámèyítọ́, ohun tí ó ṣe rọrùn láti sọ: ó jù ú, ó sì tún lù wọ́n, kò sì dúró kí ó kan ẹnikẹ́ni, nítorí ó ti gba ìgbà gbogbo èèyàn kọ. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó jáde ní 1996, Bartle pín àwọn òṣèré MUD sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ohun tí olúkúlùkù ń wá. Ìpín náà wúlò, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan ń wá ló ń wò, kò wo àlàfo tó wà láàárín ẹni méjì.

Àlàfo yẹn ni ẹ̀rọ tún ń gbà báyìí. Ní ọdún 2019 ni Nick Walton gbé AI Dungeon jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ni ẹnìkejì níbẹ̀. Ohun yòówù tí a bá kọ, a lè rí èsì gbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀; a lè kọ "lù" dípò "sí" ní gbogbo ìgbà, kò sí ẹni tí yóò bínú. Kò sí ẹni tí à ń dúró dè, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá. Àwọn mìíràn sì wà, lórí Discord àti níbòmíràn, tí wọ́n ṣì ń ṣe é bí ti àtẹ̀yìnwá. Lọ́dọ̀ wọn, bí Àjàní bá ju òkò sí Bándélé, yóò jókòó, yóò máa wo ojú kọ̀ǹpútà, kò sì ní mọ̀ títí Bándélé yóò fi kọ tirẹ̀ bóyá òkò náà bà á.