Àṣìtẹ̀ Tó Ṣeé Yí Padà

Iṣẹ́ tó yẹ ká yìn ni ti àwọn tó ń ṣe áàpù tí àṣìtẹ̀ inú rẹ̀ ṣeé yí padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, WhatsApp fi irú rẹ̀ kan kún tirẹ̀: bí o bá fẹ́ pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ fún gbogbo èèyàn, tó wá jẹ́ pé fún ara rẹ nìkan lo pa á rẹ́, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún wà láti dá a padà. Ó sàn ju kí fóònù máa bini pé ṣé ó dáni lójú. Ìbéèrè ojoojúmọ́ kì í pẹ́ sú ìka, a kàn máa tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" ni.

Àwọn kan á ní irú ìkẹ́ yìí ń sọni di aláìbìkítà. N kò gbà. Àárẹ̀ àti ojú fóònù tó ti sán náà máa ń fa àṣìtẹ̀. Ti owó ló le, torí èyí tó bá ti wọ àkáǹtì ẹlòmíì kì í rọrùn gbà padà. Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n iṣẹ́ náà ti yọ, kí a rí àṣìtẹ̀ kí owó tó lọ: oníPOS l'Ọ́sì tàbí n'Ílọ́fà tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì jáde, ó kà á sókè, oníbàárà ní, "Rárá o, kì í ṣe òun," kò sì tíì sẹ́ni tó tẹ PIN.